Rọ́bà Bíréèkì Tó Ń Gbà Tí Kì Í Dá Padà

Ọkùnrin kan wà tí ó ní mọ́tò, tí ó sì gbà pé ayé ló ń bá mọ́tò náà jà. Taya iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ló ń gbóná. Bó bá ti wa ọkọ̀ náà fún ìdajì wákàtí, ọkọ̀ á máa fà sọ́tùn-ún, òórùn nǹkan tó ń jó á sì gba inú rẹ̀ kan. Ó ti pààrọ̀ páàdì. Ó ti pààrọ̀ kálípà, irin tó máa ń fi páàdì fún taya pa kó lè dúró, lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún gbàdúrà lé taya lórí. Taya ṣe àmín, ó ń gbóná lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ rí dókítà ojú. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún màmá. Dókítà náà kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù mẹ́ta, kì í sì í dúró kọjá ọ̀sán. Wọ́n dé orí òkè tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ìlú, èéfín yọ lára taya.

Ọkùnrin náà bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú píọ̀wọ̀tà méjì, omi inú ọ̀rá, láti dà á sí taya. Ó ti fi eyín ya ọ̀kan nígbà tí mẹkáníìkì kan tó jókòó sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà sọ̀rọ̀.

"Dà á sí i, kí irin rẹ̀ sán, kí wọ́n wá ṣa yín nísàlẹ̀ òkè."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, a ń kánjú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pààrọ̀ kálípà rẹ̀. Màá rọra sọ̀."

"Ìwọ á rọra. Ṣé bíréèkì náà á rọra?" Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó tì í sápò.

Màmá bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Má dá a lóhùn, ọmọ mi. Ojú ló ń dùn mí, imú mi ò ṣe nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé nǹkan ń jó. Ó ní kí n máa gbàdúrà."

Mẹkáníìkì fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó ní kí ọkùnrin náà padà wọlé, kó tẹ bíréèkì. Ó yí taya, kò yí.

"Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì."

"Mo ti gbé e kúrò."

"Mo rí i. Taya ni kò gbọ́."

Ó tú nọ́ọ̀tì tó wà lókè rọ́bà tí òróró bíréèkì ń gbà kọjá. Taya kò mira. Ó tú èyí tó wà lẹ́yìn kálípà. Òróró tú jáde, taya sì yí wẹ́rẹ́. Ó yọ rọ́bà náà, ó fi ọ̀bẹ là á. Ìta rẹ̀ ń dán. Inú rẹ̀ ti wú pa.

"Bí o bá tẹ̀ ẹ́, agbára ẹsẹ̀ rẹ á ti òróró kọjá. Bí o bá gbé ẹsẹ̀, kò sí ohun tó máa dá a padà. Kálípà méjì lo ti bú. Kálípà ò mọ nǹkan kan."

Ó wá rọ́bà mìíràn dè é. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láìsí òórùn. Dókítà ti bọ́ aṣọ funfun rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó wo màmá, ó tún aṣọ náà wọ̀.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, o ní o ti dárí ji ìyàwó rẹ. Mo gbà pé o ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Gbogbo ìjọ ló gbọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ sí ọ lọ́dún tó kọjá wọ inú rẹ, kò tíì jáde. Ò ń kí i bí ẹni ń kí òṣìṣẹ́ ìjọba, o wá ń bi mí ìdí tí ilé fi gbóná. O ti pààrọ̀ ilé, o ti pààrọ̀ ìjọ, o wá ń rò ó bóyá kí o pààrọ̀ ìyàwó. Inú ara rẹ ni kí o là wò. Má sì jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo kọjá níwájú ilé yín láàárọ̀, báàgì ìyàwó rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà.