Ìkòkò Tí Ọwọ́jà Erin Kò Wọ̀

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi ré kété, ó balẹ̀ sínú amọ̀, ó dá lórí Erin, olórí ẹbu, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò tí wọ́n sì ń sun ún. Ìbíwùmí, gbẹ́sẹ̀ kúrò nídìí iná, kí o múra láti gbe orin.

Iná ẹbu Erin kò kú rí láti ayé bàbá rẹ̀. Kò sì sí ìkòkò tó gbọ́dọ̀ wọná níbẹ̀ àfi bí Erin bá kọ́kọ́ ki ọwọ́jà rẹ̀, imú gígùn yẹn, bọ̀ ọ́. Bó bá wọ̀, wọ́n á sun ún. Bí kò bá wọ̀, á padà di amọ̀.

Lọ́dún kan, odò ìtòsí gbẹ. Ẹ̀yìn òkè ni gbogbo ìlú wá ń lọ pọnmi. Ìkòkò ẹlẹ́nu gbàgàdà Erin ò gba ìrìn jíjìn, omi á ti dà tán kí wọ́n tó délé. Bí ọjà ṣe kú nìyẹn. Igi ìdáná ń tán lọ, àyà Erin sì ń já: iná bàbá òun fẹ́ kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀kan nínú àwọn amọ̀kòkò Erin, mọ ìkòkò ọlọ́rùn tín-ín-rín, ó gbé e wá. "Bàbá, ẹ wo èyí. Omi ò ní dà nínú ẹ̀." Erin ki ọwọ́jà bọ̀ ọ́, kò wọ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ lé e, gbì! Ó ń kọrin:

Ìkòkò tó gbà mí ni ìkòkò,
   Amọ̀ ń rọ̀!
Èyí tí ò gbà mí, kó padà di amọ̀,
   Amọ̀ ń rọ̀!
Bí bàbá mi ti ń ṣe é nìyẹn,
   Amọ̀ ń rọ̀!

Òkété mọ tirẹ̀. Kò wọ̀. Gbì! Etu mọ tirẹ̀. Kò wọ̀. Gbì! Ni gbogbo wọn bá padà sí ẹlẹ́nu gbàgàdà. Ta ni yóò tún mọ ohun tuntun kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́?

Lọ́jọ́ kan, òùngbẹ ń gbẹ ìyá Erin, arúgbó ni. Erin fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò ẹlẹ́nu gbàgàdà, ó lọ pọnmi kún un dẹ́múdẹ́mú. Bó ti ń gòkè, ṣọ̀ọ̀! Bó ti ń sọ̀, ṣọ̀ọ̀! Ó kọsẹ̀, ṣọ̀ọ̀! Nígbà tó délé, ìyá na igbá, ẹ̀kán omi kan ló bọ́ sí i.

Ìyá wò ó. "Ọmọ mi, ṣé ohun tí ò ń tà fún ará ìlú nìyí?"

Ojú ti Erin. Ó padà sí ẹbu. "Ọ̀kẹ́rẹ́, jọ̀ọ́, mọ ti ìjelòó yẹn fún mi. Láti òní lọ, ẹni tó ń pọnmi ni kó máa dán ìkòkò wò."

Òun fúnra rẹ̀ ló kó igi tó kù sídìí iná láti fi sun ìkòkò náà. Ó gbé ìkòkò tuntun kọjá òkè, omi ò dà. Ìyá mu àmutẹ́rùn. Erin ki ọwọ́jà bọ ìkòkò, kò wọ̀, inú ẹ̀ dùn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọjà tún kún, iná ò kú, wọ́n sì yí orin padà:

Ìkòkò tó gbé omi délé ni ìkòkò,
   Amọ̀ ń rọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀gá tó bá ń fi imú ara rẹ̀ wọn ọjà, òun nìkan ni yóò rà á. Bí mo bá purọ́, kí omi dà lórí mi kí n tó délé.