Ẹsẹ̀ Tí Àwẹ̀ró Bọ́ Sẹ́nu Ọ̀nà Ilẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ṣeé bọ́ bí ẹni ń bọ́ bàtà, ìdílé kan wà létí àbàtà. Ìdílé Aláwọ-Tútù ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ ilé náà kì í fi ẹnu mu omi. Awọ ara ni wọ́n fi ń mu ún.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ni olórí ilé, arúgbó tí ara rẹ̀ kún fún kókó. Ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àkèré ni ẹ̀gbọ́n, Àwẹ̀ró ni àbúrò.

Àwẹ̀ró ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó dára nígbà náà, ó sì ní ojú ńlá méjì tó ń dán. Ẹsẹ̀ Àkèré ní tirẹ̀ kúrú. Ńṣe ló máa ń wọ́ ìdí nílẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá.

Ní ilé náà, bí obìnrin bá yé ẹyin, á dà á sínú omi, á bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní omi á tọ́ wọn. Àwẹ̀ró yé ẹyin mẹ́jọ. Wọ́n so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò dà wọ́n sómi. Ó ká ara mọ́ wọn, ó jókòó tì wọ́n.

"Kí lò ń ṣọ́?" ni Àkèré bi í. "Ṣé wọ́n fẹ́ sá lọ ni?"

"Ọmọ mi ni mò ń ṣọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹyin ni, kì í ṣe ọmọ. Olóríkunkun! Dà wọ́n sómi, jẹ́ ká lọ ṣeré."

"Ẹ máa lọ. Mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀."

Kò pẹ́ tí ọ̀dá fi dé. Àbàtà gbẹ, ilẹ̀ rẹ̀ sán pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Gbogbo ẹyin tí wọ́n dà sómi gbẹ mọ́ ẹrẹ̀ bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìkòkò. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ wọ abẹ́ òkúta lọ. Àkèré fara pamọ́ sábẹ́ ewé kókò kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àwẹ̀ró wo ẹyin rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ara wọn ti ń hunjọ. Ó fà wọ́n lọ sí ibi tí ilẹ̀ ṣì tutù díẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn Ìyá Ilẹ̀.

"Àgò onílé o!"

"Àgò yà. Ta nì yẹn?"

"Èmi Àwẹ̀ró ni, ìyá. Òòrùn fẹ́ pa ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní yàrá."

"Yàrá wà," ni Ìyá Ilẹ̀ wí, "ó sì tutù. Ṣùgbọ́n a kì í gbé ẹsẹ̀ wọ ilé mi. Gbòǹgbò igi sùn káàkiri níbí, mi ò fẹ́ kí èékánná ya wọ́n lára. Bọ́ ẹsẹ̀ rẹ sẹ́nu ọ̀nà."

"Kí ni màá wá fi gbẹ́lẹ̀, ìyá?"

"Kí nìyẹn lọ́rùn rẹ? Ṣé orí kọ́?"

Àwẹ̀ró bọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà dáadáa. Ó wá kígbe sí Àkèré lábẹ́ ewé kókò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣọ́ ẹsẹ̀ mi o. Bí òjò bá ti rọ̀, màá jáde wá gbé e."

"Má ṣèyọnu," ni Àkèré wí. Ó ti ń wo àwọn ẹsẹ̀ náà.

Àwẹ̀ró fi orí lu ilẹ̀ gbì! Ilẹ̀ là. Ó wọlé, ó ń fa ẹyin rẹ̀ tẹ̀ lé ara.

Inú ilé Ìyá Ilẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Erùpẹ̀ ń kó sí Àwẹ̀ró lójú, ló bá fa awọ bo ojú méjèèjì, bí ẹni fa aṣọ borí. Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Ilẹ̀. Ó fún un ní ìka kéékèèké méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, láàárín ojú àti imú, kó máa fi wá ọ̀nà.

Ẹyin pa, ọmọ mẹ́jọ jáde. Ebi ni wọ́n kọ́kọ́ ké. Kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Àwẹ̀ró fi ìka kéékèèké rẹ̀ tọ́ ara rẹ̀ wò. Awọ rẹ̀ ti nípọn, ọ̀rá ti kún inú rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ jẹ awọ mi."

Wọ́n fi eyín wẹ́wẹ́ ha á jẹ, láti orí dé ìdí. Ó ta á, kò mira. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, awọ mìíràn hù, wọ́n tún jẹ ẹ́. Ibi tí eyín wọn ń gbà kọjá ṣe ilà yí i ká. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ kún fún òrùka bí ọwọ́ ìyàwó ọba.

Ọjọ́ tí òjò padà dé, Àwẹ̀ró yọrí síta, ọmọ mẹ́jọ tẹ̀ lé e. Kò bá ẹsẹ̀ kankan lẹ́nu ọ̀nà.

Ó gbọ́ pàù! Nǹkan kan fò kọjá lórí rẹ̀. Àkèré ni. Ó ti so ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró mọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ mi dà?"

"Ẹ̀gbọ́n ta ni?" Àkèré figbe ta. "Ẹ gbà mí o! Ejò ń pè mí lẹ́gbọ̀ọ́n! Èmi ò ní àbúrò tí kò lẹ́sẹ̀."

Gbogbo ẹranko pé jọ. Ejò náà wá, ó wo Àwẹ̀ró lókè nísàlẹ̀.

"Ó kúkú jọ mí. Wá sílé wa, ọmọ mi. A ò ní bi ọ́ léèrè ẹsẹ̀."

Ekòló yọrí nínú ẹrẹ̀. "Tiwa ni o! Ẹ ò rí òrùka ara rẹ̀ ni?"

Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dun Àwẹ̀ró mọ́. Bí wọ́n bá lé e nílé, ọmọ mẹ́jọ wọ̀nyí á di ọmọ tí kò ní ìdílé. Ó gbé orí sókè.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Ṣùgbọ́n mo ní ilé. Ẹ pe Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ wá."

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ rọra dé. Ó gbọ́ ẹjọ́ tán.

"Ejò, Ekòló, Àwẹ̀ró, ẹ pa ẹnu dé," ló wí. "Ẹ dùbúlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fi awọ mu omi, ká tún un wò."

Wọ́n dùbúlẹ̀. Ìpẹ́ ara Ejò gbẹ, omi kàn ń ṣàn kúrò lára rẹ̀ ni. Ó dìde pẹ̀lú òùngbẹ. Àwẹ̀ró mu omi títí ara rẹ̀ fi ń dán. Ekòló náà mu.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn Ekòló. Ó rọ̀ látòkè délẹ̀. "Aládùúgbò rere ni ọ́, máa lọ." Ó tẹ ẹ̀yìn Àwẹ̀ró, ọwọ́ rẹ̀ kan egungun. Ó rẹ́rìn-ín.

"Egungun ilé wa rèé. Omi ilé wa rèé. Ọmọ mi ni. Àkèré, bọ́ ẹsẹ̀ olẹ́sẹ̀!"

Ojú Àkèré yọ síta rodo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹsẹ̀.

Àwẹ̀ró fi ìka kéékèèké rẹ̀ tọ́ àwọn ẹsẹ̀ náà wò. Ó ronú kan èékánná wọn, tí Ìyá Ilẹ̀ kò fẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ó nímọ̀lára àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ẹ jẹ́ kó máa lò ó, ìyá àgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀dá, ẹyin mélòó lẹ gbà là? Orí lásán ni mo fi gba mẹ́jọ là. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí ẹ̀gbọ́n mi sọ ẹni tí mo jẹ́."

Àkèré kùn sínú.

"A ò gbọ́ o!" ni Ejò wí.

"Àbúrò mi ni."

"Ké sókè!"

"Àbúrò mi ni! Àbúrò mi ni!"

Àwẹ̀ró fi orí lu ilẹ̀ gbì. Ó wọlé pẹ̀lú ọmọ mẹ́jọ, kò wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ Àwẹ̀ró ti ń gbé abẹ́ ilẹ̀ láìlẹ́sẹ̀, tí awọ bò wọ́n lójú, tí òrùka sì yí wọn lára ká. Bí ọkọ́ àgbẹ̀ bá hú ọ̀kan síta, àwọn ènìyàn á ní ejò kékeré ni, tàbí ekòló ńlá. Á fi orí lu ilẹ̀, á padà wọlé. Ó mọ ilé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Àkèré ti ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn sábẹ́ ìdí bí ẹni gbé nǹkan pamọ́, tó sì ń bẹ́ sómi bó bá ti gbúròó ẹnikẹ́ni. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀, tí àbàtà kún, gbogbo ìran rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké: "Àbúrò mi ni! Àbúrò mi ni!"

Àwẹ̀ró wà nísàlẹ̀, ó ń gbọ́.