Bí Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Ṣe Dé Abẹ́ Àtíbàbà

Nígbà láéláé, ilé kankan kò ní àtíbàbà. Ibi tí ògiri bá parí sí ni òrùlé náà ń parí sí. Bí òjò bá rọ̀, ara ògiri ni yóò máa ṣàn gbà. Bí oòrùn bá ràn, inú yàrá ni yóò bá onílé.

Nígbà náà, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kì í gbé lọ́dọ̀ ènìyàn. Etí odò ló ń gbẹ́ ihò sí, inú ihò náà ló ń yé ẹyin sí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta léraléra ni odò kún, tó sì gbé ẹyin rẹ̀ lọ. Ní ọdún kẹrin, bó ṣe rí i pé omi tún ń gòkè bọ̀, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́! Ibi gbígbẹ ni àwọn ọmọ mi yóò ti lajú lọ́dún yìí." Ó bá fò wọ ìlú.

Ojúlé Ẹfúnyẹmí amọ̀kòkò ló bà sí. Ìyọnu ti bá ìyá yìí. Bó bá sá ìkòkò tútù síta, oòrùn á sán an. Bó bá gbé e sínú ilé, kò ní í gbẹ. Òjò sì ti ń jẹ ògiri iwájú ilé rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ló bá bẹ Ẹ̀gà, ẹyẹ tó mọ iṣẹ́ híhun jù lọ, pé kó bá òun ṣe ìbòrí sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gà hun imọ̀ ọ̀pẹ, ó dán, ó gún régé. Ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí òpó mẹ́rin.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wò ó títí. "Ẹ̀gà, ọwọ́ rẹ dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n bó ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ yìí, omi yóò dúró lórí rẹ̀."

"Ìwọ tó ń gbé inú ihò!" ni Ẹ̀gà fi dáhùn. "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Èmi ni mo máa ń fò nínú òjò. Mo mọ ibi tí omi ń gbà."

Ẹfúnyẹmí rẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ kékeré, jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ bà sórí ògiri, ó ń dúró de òjò.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò dé. Omi dúró lórí àtíbàbà, ó wú, ó sọ̀ kalẹ̀ bí ikùn ẹni tó yó. Ó di gbàgà! Ó wó lu ìkòkò mẹ́wàá.

Ẹfúnyẹmí káwọ́ lérí. "Ẹ̀gà, ṣé iṣẹ́ tí mo bẹ̀ ọ́ nìyí?"

"Òjò yẹn ló pọ̀ jù!" Ẹ̀gà bínú fò lọ sórí ọ̀pẹ.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Ìyá, ẹ má sunkún. Ohun tí Ẹ̀gà hun kò bàjẹ́, bó ṣe gbé e lérí òpó ni kò dáa. Ẹ ṣe é bí mo bá ṣe wí. Bó bá jò, ẹ lé mi."

"Kí lo máa gbà?"

"Àyè tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ yín lọ, lábẹ́ rẹ̀, fún ẹyin mi."

"Mo gbà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹfúnyẹmí ká ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ wọ̀, ó gbá ọkọ́ mú.

"Ẹ gbẹ́ ihò òpó kó jìn dé orúnkún," ni ẹyẹ náà ń wí. "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ga mọ́ ògiri, kí iwájú rẹlẹ̀. Ẹ fi ìtàkùn dè é le. Ó tún kù díẹ̀!"

Wọ́n ṣe é tán, àfi àlàfo tóóró kan láàárín ìbòrí àti ògiri. Ọwọ́ Ẹfúnyẹmí kò wọ ibẹ̀. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wo amọ̀ ìkòkò tó wà nílẹ̀. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó fò lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àlàfo náà. Amọ̀ náà dúró. Inú rẹ̀ dùn: kò tíì mọ̀ rí pé ẹnu òun lè mọ nǹkan! Ó tún bu òmíràn, ó tún bu òmíràn, títí àlàfo náà fi dí.

Nírọ̀lẹ́, òjò ńlá ṣú, ó sì rọ̀. Ẹfúnyẹmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ ìbòrí náà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kò tilẹ̀ wòkè. Ó ti ń fi amọ̀ tó kù mọ ìtẹ́ ní tirẹ̀.

Omi ṣàn wọ̀ọ̀ gba iwájú lọ sílẹ̀. Ẹ̀kán kan kò jò. Ògiri gbẹ, ìkòkò gbẹ.

Ẹfúnyẹmí pe gbogbo ará ilé rẹ̀ jáde. "Ẹ wo ìtẹ́ yìí dáadáa. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti olúwarẹ̀ la jọ máa fà á."

Àwọn ará ìlú wá wò ó, oníkálukú sì lọ ṣe tirẹ̀. Ní ọdún náà, ọmọ márùn-ún ló jáde láti inú ẹyin alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Kò sí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù.

Láti ọjọ́ náà ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti ń fi ẹnu bu ẹrẹ̀ mọ ìtẹ́ sábẹ́ ìbòrí ilé, tí onílé kì í sì í lé e. Láti ọjọ́ náà náà sì ni Ẹ̀gà ti wà lórí ọ̀pẹ, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Ariwo tó ń pa láàárọ̀ lálẹ́ ni pé: "Èmi ni mo hun ún! Èmi ni mo hun ún!"