Ohùn Tó Pẹ́ Nínú Okùn Ìmọ́lẹ̀

Ọ̀nà-tóóró-ò-gba-méjì, Ìmọ́lẹ̀-ò-lẹ́sẹ̀-ó-ń-sáré, àwọn ló díá fún Oyèékàn, olùṣọ́ okùn ìmọ́lẹ̀ ìlú Òkè-Ọ̀san, nígbà tí òkú ń pe alààyè lórí fóònù.

Okùn náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà. Òun ló ń gbé ohùn àti fíìmù gbogbo ìlú. Bí ó bá kún, Oyèékàn ló ń pàṣẹ ohun tí yóò kọjá àti ohun tí yóò dúró. Ohun tí baba rẹ̀ kọ́ ọ lọ́nà oko ló ń tẹ̀lé: ẹni tó ru ẹrù là ń yà fún. Nítorí náà fíìmù, tó wúwo, ń kọjá. Ohùn, tí kò ru nǹkan kan, ń dúró nínú okùn títí àyè yóò fi ṣí.

Òjẹ́wálé, ará ìlú náà kan, pe dókítà. Ohùn rẹ̀ kò dé. Ó kú, wọ́n sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù dókítà dún, ohùn Òjẹ́wálé ló jáde.

"Dókítà, àyà ń dùn mí o. Ẹ tètè máa bọ̀."

Dókítà ju fóònù sílẹ̀, ó sá jáde.

Oyèékàn tọ Ifá lọ. Àwọn awo ní kó fi ẹyẹlé àti obì rúbọ. Wọ́n ní kó dá ẹlẹ́rù dúró, kí ohùn máa ṣíwájú, torí ohùn ló ń gbé ẹ̀mí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin bàbá, kí ẹni tó rẹrù dúró de ẹni tó ń ju apá lásán? Ẹ ò rìn lọ́nà oko rí ni?"

"A rìn ín. Okùn rẹ kì í ṣe ọ̀nà oko."

Ó yọ ṣùtì. Kò rúbọ.

Àníkẹ́ ọmọ rẹ̀ lóyún, ó wà nílé ọkọ lẹ́yìn odò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù Oyèékàn dún.

"Bàbá mi, ọmọ ń bọ̀ o. Èmi nìkan ló wà nílé. Ẹ bá mi pe ìyá agbẹ̀bí."

"Àníkẹ́! Ìgbà wo lo sọ̀rọ̀ yìí?"

Ohùn náà kò dáhùn. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà wí, ó dákẹ́. Oyèékàn kò mọ̀ bóyá alààyè lòun gbọ́ tàbí òkú.

Ó pa ẹyẹlé. Ó pa obì. Ó dá fíìmù gbogbo ìlú dúró.

Okùn náà mí kanlẹ̀. Gbogbo ohùn tó há sínú rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nílé gbogbo, tòkú tàyè. Lẹ́yìn náà, okùn ṣófo.

Fóònù Oyèékàn dún.

"Bàbá, ṣé ẹ sùn ni? Mo pè títí!"

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ yára!"

Ó pe ìyá agbẹ̀bí. Ohùn rẹ̀ dé kíá. Àníkẹ́ bí ọmọ láyọ̀.

Àwọn ọlọ́rọ̀ bú Oyèékàn nítorí fíìmù wọn. Ó ń yin awo, awo ń yin Ifá. Ẹbọ tí a rú ní í gbeni. Ìmọ̀ràn tí a gbà ní í gbani. Oyèékàn rúbọ, ó gba ọmọ rẹ̀ là. Ó ti pẹ́ jù fún Òjẹ́wálé.