Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ṣọ́ Àwọn Yòókù

Ọkùnrin kan ń bẹ, díákónì mi, tó jẹ́ pé òun ló ń mójú tó gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n, wáyà ló so wọ́n pọ̀: ti ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ti ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ti yàrá ìbímọ, títí dórí ti ilé ìdáná. Nínú yàrá tirẹ̀ ni ọ̀kan wà tó ń ṣọ́ àwọn yòókù. Ètò kan wà lórí rẹ̀ tó fi ń rí gbogbo wọn láti orí àga. Èyí tí ara rẹ̀ bá dá, iná aláwọ̀ ewéko á máa tàn níwájú orúkọ rẹ̀. Èyí tó bá ní àìsàn, iná pupa. Bó bá wù ú, ó lè ti èyíkéyìí pa, kó sì tún ṣí i, kò ní dìde.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà o, má rò pé mò ń bú u. Kì í ṣe ọ̀lẹ. O mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe áńgẹ́lì. Wọ́n á ṣe é tán, wọ́n á tún wá rí ibi tí olè lè gbà wọlé. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á kéde, wọ́n á sì fi ohun tí a ó fi dí ihò náà ránṣẹ́. Ọjọ́ tí ìkéde bá dé ni ọkùnrin yìí ń dìde. Á máa lọ láti yàrá dé yàrá: "Ṣé ẹ ti dí i? Kí lẹ ń dúró dè?" Olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ìyá kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, fi tirẹ̀ falẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré. Ọkùnrin wa ti kọ̀ǹpútà náà pa mọ́ ọn lójú níbi tó ti ń kọ̀wé lọ́wọ́.

Ìyá náà ní, "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, a ti gbọ́. Tiyín ńkọ́?"

Ó ní, "Tèmi kẹ̀? Ṣebí èmi ni mò ń ṣọ́ yín, mà!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ètò tirẹ̀ gan-an. Wọn ò fi ohunkóhun bò. Wọ́n ní àwọn ṣe àṣìṣe, ihò kan wà nínú ètò náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè wọlé láìmọ ọ̀rọ̀ àṣírí kankan, kó sì jókòó sórí àga alábòójútó bí ẹni pé òun ni. Wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́ mọ́ ọn. Kó pa ètò náà fún ogún ìṣẹ́jú, kó fi àtúnṣe sí i, kó tún tàn án, ó tán.

Inú rẹ̀ ò dùn. Ogún ìṣẹ́jú tí òun ò ní rí ẹnikẹ́ni? Ta ni yóò máa ṣọ́ wọn? Ó tún rò ó pé bí àwọn nọ́ọ̀sì bá gbọ́ pé ihò wà lára tòun, wọn ò ní jẹ́ kí òun gbádùn mọ́. Ká má purọ́, ìyẹn gan-an ló ká a lára jù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bi í bóyá kó ṣe é báyìí tàbí lọ́la, ó tẹ lọ́la. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló fi ń tẹ lọ́la. Láàárín àsìkò yẹn, ó ti bá àwọn ará ilé ìdáná jà lẹ́ẹ̀mejì nítorí àtúnṣe tí wọn ò tètè ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n ń múra iṣẹ́ abẹ fún aboyún kan tí ìrọbí rẹ̀ le. Àyẹ̀wò tó sọ irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà sí i lára wà nínú kọ̀ǹpútà ilé àyẹ̀wò. Ọkùnrin wa ń mu tíì rẹ̀. Gbogbo iná tó ń wò, aláwọ̀ ewéko ni. Ni fóònù bá dún láti ilé ìdáná: "Ọ̀gá, ṣé ẹ tún ti tì wá pa ni? A ti ṣe àtúnṣe o!" Kò tíì fèsì tí ti ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì náà fi dún. Wọ́n ní gbogbo fáìlì àwọn ti di ohun tí àwọn ò lè kà.

Háà! Olè ti gba inú ètò tirẹ̀ wọlé, ó ń fi àṣẹ alábòójútó ba kọ̀ǹpútà jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń jẹ́ kí iná máa tàn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bó bá dé ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n tó tún ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà yẹ̀ wò, ẹ̀mí lè ti bọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé bí wọ́n bá rí ohun àjèjì, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ wáyà, kí wọ́n tó béèrè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún. Ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣé ẹ ti yọ ọ́?"

"Mà, bí mo bá yọ ọ́, mi ò ní rí nǹkan kan mọ́."

"Kí lẹ ń rí báyìí?"

Ìyá náà nawọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó fa wáyà yọ fàà! Ibi tí olè dé náà ló dúró sí. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ti bàjẹ́, ti ilé àyẹ̀wò ò sí níbẹ̀. Kí aago mọ́kànlá tó lù, wọ́n ti gbé ìkókó obìnrin kan jáde, ó ń ké tantan, ara ìyá rẹ̀ sì le. Ìwé ètò oúnjẹ ilé ìdáná ló ṣègbé ní tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn aláìsàn fi jẹ ẹ̀wà, torí òun nìkan ni alásè rántí.

Ọkùnrin náà ṣe àtúnṣe tirẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kò tilẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú, méjìlá ni. Lẹ́yìn náà ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní kó máa wá bi òun ní gbogbo ọjọ́ Ajé pé tòun ńkọ́. Ìyá náà ní, "Ẹ ò ní ti tèmi pa?" Ó ní òun ò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ṣì ń lọ bi í di òní, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń ṣe.

Díákónì mi, o ti mọ ibi tí mò ń lọ. Lọ́dún yìí, o ti tún ẹgbẹ́ akọrin ṣe, o ti bá àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wí. O tilẹ̀ ní aṣọ ìwàásù tèmi ò rí irin rárá, òótọ́ sì ni. Gbogbo wa la jèrè rẹ̀. Ihò wà lára mi, ó wà lára rẹ, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi í hàn wá la ń sọ fún pé kó dìgbà mìíràn. Ìyàwó rẹ ti wá sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Kò fẹjọ́ rẹ sùn. Ó kàn ní ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ bá ọ sọ, ọwọ́ rẹ ò sì dilẹ̀. Ó wà nínú ilé lọ́hùn-ún báyìí lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Dìde, wọlé lọ bá a, má sì dá a lóhùn títí yóò fi sọ ọ́ tán.