Ewúrẹ́ àti Omi Àìdarúgbó

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Màmá Àdùfẹ́ nasẹ̀ sórí ẹní, àwọn ọmọ agbo ilé sì yí i ká.

"Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò yà sílé ọba, kò yà sílé ìjòyè, ó lọ já sílé orogún méjì. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ní orogún, kó má wojú mi o!"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Ní ìgbà kan rí, Òbúkọ fẹ́ ìyàwó méjì. Ewúrẹ́ ni ìyálé, Àgùntàn ni ìyàwó. Òbúkọ tí òórùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, òun náà làwọn obìnrin méjì ń du!

Kò sí ohun tí Àgùntàn ṣe tí kì í dun Ewúrẹ́. Bí Àgùntàn bá sùn, Ewúrẹ́ á ní, "Ẹ wo oorun ọlọ́lá!" Bí ó bá jí, "Ẹ wò ó, ó ti jí ṣáájú mi, ó fẹ́ gba ọkọ." Èyí tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé orúnkún rẹ̀ ti ń dún kẹ́kẹ́ bó bá dìde, Òbúkọ sì ti ń gbàgbé orúkọ rẹ̀.

"Bí mo bá kú," ló ń sọ nínú ara rẹ̀, "òun ni yóò jogún yàrá mi, tọkọ-tọkọ."

Lọ́jọ́ kan, Dókítà Ọmọ́tóyìnbó dé láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, tòun ti ìgò, tòun ti awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó ní, "a ti ń wádìí ohun tó ń sọni di arúgbó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wà nínú ara wa, ojú lásán ò lè rí wọn. Bí wọ́n bá gbó, ó yẹ kí wọ́n kú, kí wọ́n fàyè sílẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọn kì í kú. Wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa ba tàwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jẹ́."

"Bí ìyálé burúkú!" ni ọmọ kan pariwo láàárín agbo.

"Tanímọlá, ta ló ń pa àlọ́, èmi tàbí ìwọ?"

Dókítà ní àwọn ti po omi kan tó ń gbá irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ dànù. "Ó ti ṣiṣẹ́ lára eku. Ní báyìí, ẹnì kan nínú yín yóò máa mu oògùn, ẹnì kejì yóò máa mu omi lásán, ká lè fi yín wéra. A ò ní sọ ẹni tó ń mu èwo. Ẹ jọ̀ọ́, kálukú kó mu tirẹ̀ o!"

Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé igbá méjì wá, ọ̀kan fún ìyálé, ọ̀kan fún ìyàwó. Àwọ̀ kan náà, òórùn kan náà. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Àgùntàn mu tirẹ̀ tán, ó lá ètè.

Yéè! Ó lá ètè!

Bẹ́ẹ̀, àgùntàn tó jẹ koríko gbígbẹ náà á lá ètè. Àmọ́ ìgbà wo ni ìlara ń béèrè ìdí?

"Oògùn gidi ni wọ́n fún un," Ewúrẹ́ rò ó. "Ó fẹ́ pẹ́ láyé jù mí lọ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. "Ìyàwó, gbé tìẹ wá, kí o gba tèmi."

"Ìyálé mi, Dókítà ní…"

"Ṣé Dókítà ló fẹ́ ọ sílé yìí ni? Ta ló kọ́kọ́ dé ilé ọkọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó tán! Àgbà ló ń mú!"

Àgùntàn kúnlẹ̀, ó gbé igbá rẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà, bí àárọ̀ bá ti mọ́, Ewúrẹ́ á dárin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyàwó, gbé igbá wá,
*Àgbà ló ń mú!*
Má lá ètè, má mi orí,
*Àgbà ló ń mú!*
Èmi ni n ó pẹ́ jù nílé,
*Àgbà ló ń mú!*

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Irun Àgùntàn ń dán, ó ń fò fẹ̀rẹ̀ bí ọmọ àná. Òbúkọ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kiri bí ẹni tí wọ́n so mọ́ ọn. Ewúrẹ́ ńkọ́? Eyín ń mì, ẹ̀yìn ti tẹ̀. Inú bí i, ó di ọ̀dọ̀ Dókítà.

"Ojúsàájú lẹ ń ṣe! Ẹ ń fún ìyàwó ní òmíràn ní kọ̀rọ̀!"

Ẹnu ya Dókítà. "Kọ̀rọ̀ wo, ìyá? Àyẹ̀wò ti parí, mo lè sọ ọ́ báyìí: ẹ̀yin gan-an là ń fún ní oògùn. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn. Omi lásán là ń gbé fún ìyàwó yín."

Ẹ̀yin ọmọ, ta ló mu oògùn?

"Àgùntàn!"

Ta ló gbé e fún un?

"Ewúrẹ́!"

"Ẹ tètè bu òmíràn fún mi!" Ewúrẹ́ ké.

"Ó ti tán, mà. Ìgbà tí a ó tún po òmíràn, a ò tíì mọ̀."

Ewúrẹ́ darí sílé. Kò lè sunkún síta, torí wọn á bi í pé kí ló ṣe é. Ìbànújẹ́ àti ọjọ́ orí bá dìmọ̀lù lé e lórí. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, irùngbọ̀n ti yọ lágbọ̀n rẹ̀, ó funfun, ó gùn tó ìka. Òbúkọ rí i lókèèrè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ta lẹ ń wá nílé wa?"

Àgùntàn ló sáré jáde tòun ti abẹ, ó kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fá a, kí ará àdúgbò tó rí i."

Ewúrẹ́ wo abẹ. Ó wo àgbọ̀n Àgùntàn tó ń dán. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kí o lè mú un lọ lẹ̀ mọ́ tìẹ? O ò tó bẹ́ẹ̀! Tèmi ni!"

Ìdí nìyẹn tí abo ewúrẹ́ fi ń gbé irùngbọ̀n kiri títí dòní, tí kò sì sí àwo tí yóò rí kó má ki ẹnu bọ̀ ọ́.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ká má ṣe ìlara. Ẹni tó bá ń wo igbá ẹlòmíràn kò ní mọ ohun tó wà nínú tirẹ̀.

"Ibi tí àlọ́ mi sùn sí nìyí. Bí mo bá parọ́, ẹ lọ fọwọ́ kan àgbọ̀n ewúrẹ́ ìyá Tanímọlá lọ́la. Bí ẹ ò bá bá irun níbẹ̀, ẹ wá fá orí mi."