Eérú Òkété Lórí Igba Ebè

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Òkété lórí níbi tó ti ń lá ètè. Iṣu ló ń wù ú jẹ. Ọkọ́ ni kò wù ú dì mú. Ló bá bu eérú ààrò ìyàwó rẹ̀ sínú àdó, ó di ọ̀dọ̀ Erin.

"Kábíyèsí, oògùn iṣu rèé. Ebè tí mo bá bù ú sí, iṣu ibẹ̀ á tó itan yín."

Erin wo itan ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n ṣàdéhùn: nínú igba ebè Erin, Òkété á bu oògùn sí ọgọ́rùn-ún tó wà lápá ọ̀tún, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti òsì. Bí oògùn bá jẹ́, ìdajì iṣu oko di tirẹ̀. Bí kò bá jẹ́, òun ni yóò máa kọ ebè fún Erin títí ayé.

"Títí ayé kẹ̀? Kò burú!" Iyán ni Òkété ń rò, kò ro ebè rárá.

Nígbà tí iṣu tó wà, Òkété gbé mẹ́wàá wá láti ọ̀tún, ràbàtà ràbàtà. Ó gbé mẹ́wàá wá láti òsì, tín-ín-rín bí ìka ọmọ. Gbogbo ẹranko pàtẹ́wọ́. Ẹfọ̀n tilẹ̀ ń sunkún ayọ̀, ẹni tí kò ní ebè kan ṣoṣo láyé.

"Ta ló ṣa iṣu yìí?" Ìyá Ìgbín ló béèrè. Àtìjẹta ló ti kúrò nílé kó tó débẹ̀, kò sì bá eré wá.

"Èmi ni, ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ fi aṣọ dì í lójú, kó tún un ṣà."

Òkété ń táràrà, ó wa mẹ́wàá lọ́tùn-ún, ó wa mẹ́wàá lósì. Wọ́n tò wọ́n ní ìlà méjì, orí iṣu mọ́ ìdí iṣu. Ìlà ọ̀tún fi àtẹ́lẹsẹ̀ Erin kan gùn ju ti òsì.

"Ó jù! Mo ní ó jù!" Òkété ti ń jó.

"Rọra, ọmọ mi. Iṣu kì í dọ́gba nínú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé oògùn yìí kò ṣe nǹkan kan, ká wá wò ó bóyá iṣu lásán náà lè ju ara wọn lọ báyìí. Kó padà sí òsì nìkan, kó wa ọ̀wọ́ méjì wá, mẹ́wàá mẹ́wàá."

Ó wà á, wọ́n tò ó. Yéè! Ọ̀wọ́ kan fi àtẹ́lẹsẹ̀ Erin méjì gùn ju èkejì, òsì kan náà ni wọ́n sì ti wá.

Ìyá Ìgbín rẹ́rìn-ín. "Ta ló bu oògùn sí èyí tó gùn yìí o?"

Ojúkòkòrò ò jẹ́ kí Òkété ronú. Ó rò pé èrè mìíràn ló ń bọ̀. "Èmi náà ni! Mo yọ́ bù ú síbẹ̀. Ẹ fi tibẹ̀ kún tèmi!"

"Ṣé òsì tí wọ́n ní o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá, ìyá! Kò sí ebè tí n kò bù ú sí."

"Bí oògùn bá wà lọ́tùn-ún, tó tún wà lósì, kí ló wá ju kí ni?"

Erin nawọ́ sí oko pé kí Òkété lọ bẹ̀rẹ̀ ebè kíkọ. Inú bí i débi pé kò tilẹ̀ yá a lọ́kọ́.

Àlọ́ mi ní kí n sọ fún yín pé ẹni tó ń ta oògùn kọ́ ni í ṣa iṣu tí a ó fi dán an wò. Bí ẹ bá sì rò pé irọ́ ni mo pa, ẹ lọ wo ẹnu ihò òkété: ebè tó ń fi ọwọ́ lásán kọ wà níbẹ̀ di òní.